Ọ̀rọ̀ Àkọ́sọ Tí N Kò Kà

Ìyá bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nílé ẹ̀kọ́, níbi ìsọmọlórúkọ, lórí rédíò nígbà tí wọ́n bá ránṣẹ́ pè mí sí Ìlọrin. Màá sọ ibi tí ìyá àgbà jókòó sí, màá sọ bí wọ́n ṣe ń bó ẹ̀gúsí bí wọ́n ti ń sọ ọ́, màá sín ohùn wọn jẹ. Mo gbà á gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyẹn ṣáájú ná: n kò mọ̀ pé irọ́ ni mò ń pa.

Ìtàn náà kò gùn. Ọ̀dá dá, odò gbẹ. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò gbẹ́ kànga kan, oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ kí wọ́n tó kan omi. Nígbà tí omi jáde, àbúrò yí òkúta dé e lẹ́nu, ó jókòó lé òkúta, ó ní tòun nìkan ni. Òùngbẹ pa ọmọ ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n gbé òkú ọmọ rẹ̀ lé apá, ó dúró létí kànga, ó búra pé ọmọ òun kò ní fẹ́ ọmọ àbúrò títí ayé. Ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ra, omi abẹ́ ilẹ̀ á gbẹ pátápátá. Ó wá kó ẹrù rẹ̀ kọjá sódìkejì odò. Ìdí nìyẹn, màá ní, tí àwa ti ìhín odò àti àwọn ti ọ̀hún odò kì í fi í fẹ́ra wa. Tí mo bá débẹ̀, àwọn èèyàn á mí kanlẹ̀. Èmi náà á mí kanlẹ̀.

Nínú ọyẹ́ yìí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mú ọkùnrin kan wálé. Tíṣà ni ọmọ náà, nílùú wa níbí, tí kò jìnnà sí Èsìẹ́. Ọkùnrin náà ń tún ẹ̀rọ tó ń fa omi ṣe ní Òmù-Àrán, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹni tó máa ń dọ̀bálẹ̀ tí àyà á kanlẹ̀. Ọmọ ọ̀hún odò ni. Olórí ẹbí wa, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ní kí wọ́n lọ pè mí wá síwájú ẹbí méjèèjì.

"Ìwọ tí ìtàn wà lẹ́nu rẹ," wọ́n ní, "sọ ọ́ kí wọ́n gbọ́."

Mo sọ ọ́. Mo sọ ọ́ dáadáa, ẹ jọ̀ọ́. Mo wúkọ́ díẹ̀ bí mo ṣe máa ń wúkọ́ kí ẹ̀gbọ́n tó búra, mo na apá mi méjèèjì, mo gbé òkú ọmọ náà lé e. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún. Ó kàn tẹjú mọ́ apá mi bíi pé òkú kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àwọn ẹbí ọkùnrin náà wo ara wọn lójú, wọ́n ní àwọn kò lè fi omi ìlú ta tẹ́tẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ṣe dúró nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé ilé ìtàwé Òmù-Àrán fẹ́ tì. Mo gun ọ̀kadà lọ. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìwé kà ju ilé ẹ̀kọ́ lọ. Bàbá tó ni ín ní òfin kan ṣoṣo nígbà tí mo wà lọ́mọdé: ẹni tó bá dúró lè kà á bó ṣe wù ú, ẹni tó bá jókòó ti rà á. N kò lówó, mo lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta sí ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo fi ń dúró láàárín ìwé orin ìjọ àti Yásín, tí ẹsẹ̀ á máa ta mí, tí mo sì ń ka ìwé ìtàn kánkán kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.

Bàbá rí mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ọ̀gbẹ́ni Ìdúró! O wá parí èyí tó kù?"

"Bàbá, ẹ kú àtijọ́. Ẹsẹ̀ ti ń ro mí, mo wá jókòó lónìí."

"Ìjókòó ti tán. A ti ta àga."

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò lọ jìnnà. Ìdajì pákó ìwé ti ṣófo, ibi tí ìwé wà tẹ́lẹ̀ sì funfun lára ògiri. Bàbá ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì á wọlé, wọ́n á ya ẹ̀yìn ìwé sínú fóònù, kí wọ́n sì tó jáde wọ́n ti rí i níbi tí wọn kì í sanwó. "Mi ò bá wọn jà," wọ́n ní. "Ìwọ náà ńkọ́? Ìgbà wo lo ra ìwé gbẹ̀yìn?"

Ìwé tó wà nínú fóònù àpò mi ju èyí tó kù lórí pákó wọn lọ.

Ọmọ wọn obìnrin jókòó sílẹ̀, ó tẹ́ àwọn ìwé tínrín kan sórí ẹní, ó ń fi fóònù yà wọ́n ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìwé tí tíṣà àtijọ́ agbègbè wa kọ ni, tí wọ́n fi owó ara wọn tẹ̀.

"Àwọn ìwé ńlá ti wà lórí fóònù, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Àwọn wọ̀nyí kò sí níbòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí wọn."

Mo ń ṣí wọn, ó ń yà wọ́n. Nínú ìwé kẹrin tàbí karùn-ún, ojú mi bọ́ sí ìlà kan: *oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ kí wọ́n tó kan omi*.

Mo ka ìlà kejì, mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ka ìkẹta, ẹnu mi ti ṣáájú ojú mi débẹ̀. Mo ṣí i padà síbi tí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Àwòrán kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi yíǹkì yà, ìyá arúgbó kan lórí àpótí, igbá lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí.

Ìyá bàbá mi kò bó ẹ̀gúsí rí níṣojú mi. Làkúrègbé ti ká wọn níka kò kí n tó gbọ́njú. Bí mo bá fi ọkàn sí i, ìtàn kan ṣoṣo tí mo rántí lẹ́nu wọn ni ti ewúrẹ́ wọn tó sọnù. Láti ojú ewé ni mo ti gbé ìyá arúgbó náà, mo sì mú un jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa.

Èyí tó burú jù ń bọ̀. Nínú ìwé náà, kò sí àdúgbò wa. *Ìlú kan* ni wọ́n kọ síbẹ̀. Èmi ni mo fi ìhín odò àti ọ̀hún odò sí i, bóyá lọ́jọ́ kan tí mo fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fetí sílẹ̀. Mo wá ṣí i dé iwájú pátápátá, síbi Ọ̀rọ̀ Àkọ́sọ. N kò kà á rí. Ẹni tó ń fi ìdúró kàwé kò ní ẹsẹ̀ tó máa fi ṣòfò lórí ọ̀rọ̀ àkọ́sọ. Tíṣà tó kọ ọ́ ní orí ara òun lòun fi hun gbogbo ìtàn náà, láti fi dá àwọn ọmọ lára yá, kò sí ibi tó ti ṣẹlẹ̀ rí, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi orúkọ ìlú tàbí ìdílé kankan sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti rí i rí ni?"

"Rárá o," ni mo ní. Ó yára jáde lẹ́nu mi.

Ó ya ojú ewé náà. Mo dá ìwé náà padà sórí ẹní. Mo lè rà á, n kò rà á. Mo dìde, mo kí Bàbá pé ó dàbọ̀, ọ̀kadà sì gbé mi dé ilé láìmọ ọ̀nà tí a gbà.

Ìtìjú wà nínú ẹ̀rù tó bà mí, ṣùgbọ́n kò tó ìdajì rẹ̀. Ọyẹ́ le lọ́dún yìí, kànga àdúgbò wa ti lọ sílẹ̀, ẹrẹ̀ ni korobá tí a fi ń fa omi ń gbé wá. Àwọn obìnrin tó ń pọnmi ń sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ẹ wò ó, wọn ò tíì fẹ́ra o, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lásán ni wọ́n sọ, omi ti ń gbẹ. Mo dúró létí kànga náà, mo wo ìsàlẹ̀. Mo mọ̀ pé tíṣà kan ló fi orí ara rẹ̀ ro ó. Síbẹ̀ mo fà sẹ́yìn kúrò létí rẹ̀. Mo bi ara mi bóyá ìbúra tí èèyàn tó pọ̀ tó yìí ti gbà gbọ́ kò lè ti ní eyín.

Ẹ̀gbọ́n mi wá pè mí. Wọ́n ní ọmọ wọn kò jẹun mọ́, ó ti kọ̀wé pé kí wọ́n gbé òun lọ sílé ẹ̀kọ́ kan ní Òró-Àgọ́, kí òun má bàa máa rí ọkùnrin náà lójú ọ̀nà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ẹbí méjèèjì máa jókòó tú àdéhùn ká.

Ọjọ́bọ̀ ni mo padà sí Òmù-Àrán láti lọ ra ìwé náà. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, kò sí nǹkan kan nínú ilé. Ọmọ Bàbá nìkan ló ń gbálẹ̀. Ó ní wọ́n ti gbé Bàbá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun ní Ìlọrin.

"Àwọn ìwé tínrín yẹn ńkọ́?"

"Àwọn tó ń ra bébà ti kó gbogbo rẹ̀ lánàá. Wọ́n ní àwọn tó ń ṣe kéréètì ẹyin ló ń rà á lọ́wọ́ àwọn. Ẹ má fòyà, Ẹ̀gbọ́n, ó wà nínú fóònù mi."

Ó fi ojú ewé Ọ̀rọ̀ Àkọ́sọ náà ránṣẹ́ sí mi. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé e lọ bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lábẹ́ igi máńgòrò ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ìka fẹ̀ ẹ́ kó tóbi, ó tún kà á.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ó ní, "ta ló tún mọ̀?"

"Èmi àtìwọ."

"Ẹ dìde."

Kò bú mi. Ó ń lọ níwájú, mò ń tẹ̀lé e bí ọmọ tí wọ́n mú níbi tó ti ń jí ẹran nínú ìkòkò.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀ la bá olórí ẹbí lórí ẹní wọn, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo na fóònù sí wọn.

"Kí lèyí?"

"Ojú ewé ni, Bàbá. Ẹni tó kọ ìtàn náà fúnra rẹ̀ ló ní kò ṣẹlẹ̀."

"Ìwé náà dà?"

"Wọ́n ti kó o lọ, Bàbá. Àwòrán rẹ̀ ló kù."

Wọ́n dá fóònù padà fún mi. "Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi fi fóònù gbé mi gun ràkúnmí. Mo rí ara mi lórí rẹ̀, mo wé láwàní. Ṣé mo gun ràkúnmí?"

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó ń sọ ọ́ gan-an ló ń sọ pé ìtàn àròsọ ni!"

"Bàbá," ni mo ní, "èmi ni mo fi àdúgbò wa sí i. Ẹ̀yin náà, ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ. Kí n tó máa sọ ọ́, ta ló sọ ọ́ rí?"

Wọ́n wò mí tàánútàánú, bí a ṣe ń wo ẹni tí ibà ń bá jà.

"Ẹnu rẹ kẹ̀? Bàbá mi ló sọ ọ́ fún mi. Mo kéré. Wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà àká, wọ́n ń hun agbọ̀n. Mo ń rí wọn bí mo ṣe ń rí ọ yìí." Wọ́n wúkọ́ díẹ̀. Wọ́n na apá wọn méjèèjì, wọ́n gbé òkú ọmọ náà lé e.

Ikọ́ mi ni. Apá mi ni. Kò sí irọ́ kankan lójú bàbá náà. Mo mọ ojú yẹn, torí bí èmi náà ṣe máa ń rí nìyẹn tí mo bá ń sọ ti ẹ̀gúsí.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ á bá a. Wọn kò sọ fún wa ohun tí òótọ́ máa ṣe tó bá bá a tán.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sunkún níwájú wọn, ó sì rí ọ̀sẹ̀ kan gbà. Olórí ẹbí ní kí n mú èèyàn kan ṣoṣo wá tó máa búra pé ẹnu mi lòun ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kì í ṣe lẹ́nu àwọn òbí òun. Mo ti lọ sílé mẹ́fà. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó máa ń pè mí wá sọ ọ́ fún àwọn ọmọ, ní ìyá ìyá òun ló sọ ọ́ fún òun, wọ́n ń fẹ́ ìrẹsì lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan ní bàbá òun ni, lóko iṣu, ní Ìjàrà-Ìsin. Gbogbo wọn ló rí òbí wọn kedere, gbogbo wọn ló mọ iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ òbí náà. Mo pa fọ́tò náà mọ́ sínú fóònù. Mo ń ṣí i wò lójoojúmọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí kí èmi náà má lọ bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé wọ́n fi fóònù ṣe é ni.

Ọjọ́ mẹ́ta ló kù. Ìwọ tí o jókòó gbọ́ mi rí nílé ẹ̀kọ́, tàbí tí o gbọ́ mi lórí rédíò, ṣé wàá tẹ̀lé mi lọ síwájú wọn, kí o sọ pé ẹnu mi lo ti gbọ́ ọ?