Omi Àlùwàlá Lórí Orógbó

Omi búútà ló máa ń jí mi. Á máa ṣàn ṣòròṣòrò lẹ́yìn fèrèsé wa, lẹ́yìn náà ni bàbá káfíńtà tí ilé wọn kángun sí tiwa á wúkọ́ díẹ̀. Ìjọ Áńgílíkà là ń lọ ní tiwa, àmọ́ àlùwàlá bàbá yìí ni aago ìyá mi. Tó bá ti gbọ́ omi yẹn, á ní kí n dìde gbálẹ̀.

Ojú kan ṣoṣo ni bàbá ti ń ṣe àlùwàlá, lórí ilẹ̀ kékeré kan tó fi búlọ́ọ̀kù yí ká, tó da ìyẹ̀fun pákó láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bò. Orógbó ló rì sábẹ́ rẹ̀. Ó ti bó èèpo ara wọn kúrò, ó ní síbẹ̀ orógbó kì í kánjú, ó lè ju ọdún kan lọ kí ewé tó yọ. Oko ìyá rẹ̀ lọ́nà Ìfọ́n ni igi tó so wọ́n wà, igi tí ìyá náà fi ń wo ikọ́ ọmọ gbogbo àdúgbò. Bàbá ta ìrókò kan nínú oko yẹn fún àwọn agégẹdú, ìrókò sì wó lu igi orógbó. Kò sí òmíràn nínú igbó náà mọ́. Àwọn èso tó kù lára rẹ̀ ni bàbá ṣà wálé.

"Mo fẹ́ dá a padà síbi tí mo ti wó o," ló wí fún mi lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń fá pákó lọ. "Kí n má bàa lọ bá ìyá mi lọ́run lọ́wọ́ òfo."

Àwọn ará ilé ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní sàréè orógbó ni bàbá ń bomi rin. Á rẹ́rìn-ín, á gbé búútà rẹ̀.

Ìgbà tí ọyẹ́ dé ni rọpárọsẹ̀ dá a dùbúlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ wọ́, ọ̀rọ̀ kò jáde mọ́. Àláájà, ìyàwó rẹ̀, gbé abọ́ iyẹ̀pẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀ kó máa fi ṣe àlùwàlá, bí ẹ̀sìn ṣe yọ̀ọ̀da fún aláìsàn. Bàbá á ti abọ́ náà kúrò, á nàka sí búútà, á nàka sí ẹ̀yìnkùlé, omi á máa bọ́ lójú rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe gbogbo wa. Ìyá mi ní òun ò rí ẹni tó fẹ́ràn ìrun tó báyìí rí. Àláájà á rọra di ìka náà mú.

"Ọlọ́run ò bínú sí yín," á wí. "Iyẹ̀pẹ̀ tó."

Bàbá kú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Àláájà fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù wọ̀nyẹn ṣe ààrò, ni èmi àti òun bá jọ ń kó wọn. Ó fọwọ́ wa ìyẹ̀fun pákó náà, ó ti gbẹ bíi gààrí. Orógbó kan bá a lọ́wọ́ jáde. Ó ti ta gbòǹgbò tó gùn ju ìka mi lọ, gbòǹgbò náà sì ti gbẹ, ó ń ṣẹ́ bí ọwọ̀. Ní ìkángun rẹ̀ kejì, ewé ti fẹ́ yọ. Àláájà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Omi orógbó wọn ni wọ́n ń tọrọ," ló wí. "Mo ní iyẹ̀pẹ̀ tó."

Ó ṣì ń dùn mí dòní. Mo ti ní ilé tèmi, ní Ọ̀wọ̀ níbí náà, orógbó mìíràn tí mo rà lọ́jà sì wà nínú ike ọ̀dà lẹ́yìn ilé ìdáná mi. Kò tíì yọ. Tó bá yọ, ọ̀nà Ìfọ́n ló ń lọ. Èmi kì í ṣe àlùwàlá, àmọ́ orí rẹ̀ ni mo ti ń bọ́jú láràárọ̀. Mo ti sọ fún ọkọ mi àti àwọn ọmọ títí ó fi sú wọn: bí mi ò bá lè dìde lọ́jọ́ kan, tí mi ò sì lè sọ̀rọ̀, ẹ bá mi bomi rin ín.