Ògbufọ̀ Láàárín Ìyá àti Ọmọ

Ilé mi wà ní Loganville, nítòsí Atlanta ní Amẹ́ríkà, nígbà náà, iṣẹ́ mi sì wà ní Lilburn, níbi tí mo ti ń tọ́jú màmá àgbàlagbà kan, ọmọ ilẹ̀ Faransé. Kì í ṣe pé mo mọ iṣẹ́ náà ju àwọn yòókù lọ ni wọ́n fi gbà mí. Rọpárọsẹ̀ ló kọlu màmá, ó sì gba gbogbo Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu wọn. Faransé nìkan ló kù. Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti tọ́ èmi dàgbà, lọ́dọ̀ ìyá ìyá mi, nítorí náà mo gbọ́ Faransé, bó tilẹ̀ jẹ́ Faransé inú ọjà àti ti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Píánò ni màmá fi gbogbo ayé wọn tẹ̀. Wọ́n sọ fún mi pé bàbá àwọn, tó ń ṣe búrẹ́dì, ló ra ògbólógbòó píánò kan sẹ́yìn ilé ìyan-búrẹ́dì, ibẹ̀ ni àwọn ti kọ́ ọ, tìyẹ̀fun tìyẹ̀fun lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n di ọ̀dọ́mọbìnrin, wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ nínú àwọn gbọ̀ngàn ńlá káàkiri Yúróòpù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kan, wọ́n bá a wá sí Atlanta, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo, síbẹ̀ wọn ò dá ìrìn àjò dúró. Ní báyìí, ọkọ ti kú, ọwọ́ ọ̀tún wọn ò ṣe nǹkan kan mọ́. Píánò dúdú ńlá kan gba ìdajì pálọ̀ wọn, kò sẹ́ni tó ń ṣí i.

Ilé náà máa ń dákẹ́ rọ́rọ́. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àwa méjèèjì á jókòó sójú fèrèsé, a ó máa wo àwọn mọ́tò tó ń kọjá. Mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Bí mo bá ti shift délé, tí mo bá kí àwọn ọmọ mi ní Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn látinú yàrá tí wọ́n tilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọmọ màmá máa ń wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Irun orí rẹ̀ ti funfun. Kò gbọ́ Faransé rárá. Á fẹnu ko ìyá rẹ̀ níwájú orí, á bi mí bóyá wọ́n jẹun, á wo aago. Ní ọ̀sán Sunday kan, kò wo aago. Ó fa àga sún mọ́ ìyá rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n," ó wí fún mi. "Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí wọ́n ń fi mí sílẹ̀ lọ tẹ píánò, ṣé àárò mi máa ń sọ wọ́n?"

Mo bi wọ́n. Nígbà tí màmá máa dáhùn, ojú ọmọ wọn ni wọ́n ń wò.

"Sọ fún un pé rárá. Bí mo bá ti jókòó sídìí píánò, mi ò rántí ẹnì kankan. Bí mo bá dé yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni mo tó máa ń rántí pé mo bímọ, màá wá sunkún. Bó bá di ọjọ́ kejì, màá tún lọ."

Ó rọrùn kí n sọ pé àárò rẹ̀ ń sọ wọ́n gan-an. Ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n màmá fi ọwọ́ òsì wọn gbá mi lọ́wọ́ mú.

"Bí mo ṣe sọ ọ́ gan-an ni kó o sọ ọ́."

Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ojú ọmọ náà pọ́n. Ó dìde, ó lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó kẹ́yìn sí wa. Mo rò pé ó máa bá tirẹ̀ lọ ni. Nígbà tó yá, ó padà wá jókòó.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀," ó wí. "Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan sọ ọ́ fún mi ni."

Láti ìgbà náà ló ti ń wá ní gbogbo ọjọ́ Sunday. Wọn ò rí ọ̀rọ̀ púpọ̀ bá ara wọn sọ. Ọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ni mo sábà máa ń túmọ̀. Nígbà mìíràn wọn kì í nílò mi rárá, màá lọ jókòó sínú mọ́tò mi.

Màmá kú nígbà òtútù, lójú oorun. Kò pẹ́ tí agency tó gbà mí síṣẹ́ fi rán mi lọ sí Dacula, sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń wo tẹlifíṣọ̀n látàárọ̀ dalẹ́. Kò sẹ́ni tí mo ń bá sọ Faransé mọ́. Bí mo bá ń wakọ̀ bọ̀ nílé, mo máa ń sọ ọ́ sókè fún ara mi, kó má baà lọ.