Bí Mo Ṣe Fi Ewú To Àwọn Baba Ńlá Madame

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo wà lórí àkàsọ̀ nínú fúláàtì Madame ní Camberwell, ní London, mò ń gbé àwọn baba ńlá wọn kọ́ padà sára ògiri. Àwọn akunlé ló ti sọ àwòrán wọn kalẹ̀ nígbà tí Madame wà nílé ìwòsàn. Aago mẹ́wàá ni obìnrin kan láti káńsù, ìjọba ìbílẹ̀, ń bọ̀, láti wá wò ó bóyá orí Madame ṣì pé tó láti máa dá gbé, àbí kí wọ́n kó wọn lọ sí ilé àwọn arúgbó. Ẹ̀rù bà mí gan-an, nítorí mo mọ̀ pé Madame kò ní pẹ́ kú bí wọ́n bá gbé wọn kúrò níbẹ̀.

Iṣẹ́ kíà, ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn, ni mo fi ọdún méjìlélógún ṣe, láti Peckham ni mo sì ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí a ń pè ní kíà pláànì: oúnjẹ rẹ̀, oògùn rẹ̀, ibi tó ń dùn ún. Wọ́n kọ ọ́ sínú ti Madame pé wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ̀rọ̀ nípa ẹbí. Ẹni tó kọ ọ́ kò tíì rí nǹkan kan. Ọmọ ìjòyè ilẹ̀ Faransé ni Madame, ìdílé de Morvilac. Nígbà tí ilẹ̀ àti owó tán, bàbá wọn kó wọn wá sí London, ó di agbóúnjẹ ní ilé oúnjẹ kan, àmọ́ àwòrán márùn-ún ló kó dání, tirẹ̀ sì ṣe ìkẹfà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo kúnlẹ̀ kí wọn bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé. Madame wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ó tó gẹ́ẹ́," ni wọ́n wí. "Wọ́n ti rán ẹni tó lẹ́kọ̀ọ́ wá."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń sọ ìtàn ẹbí fún mi, èmi náà á máa dáhùn "ẹn-ẹ́n" bí mo ṣe ń fi ìpara ra wọ́n lẹ́sẹ̀. Ká sòótọ́, ìdajì rẹ̀ ni mò ń gbọ́. Ohun tí mo dì mú ni pé àgbà ló ń wà lókè, ọmọ nísàlẹ̀.

Ta wá ni àgbà? Ìyẹn kò ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà, máamú làfojúdi. Ẹni tí irun rẹ̀ funfun báláú dé èjìká ni mo gbé sókè pátápátá, mo tilẹ̀ kí i pé, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá." Onírùngbọ̀n tẹ̀ lé e. Ẹnì kan tó ní máamú nìkan, mo gbé àfojúdi rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn kíṣìnnì.

Obìnrin káńsù dé, ó bèèrè ọjọ́ tí a wà. Madame ní ọjọ́ Àìkú ni. Ó bèèrè oṣù, Madame gbé tíì wọn mu. Ó bèèrè orúkọ olórí ìjọba.

"Wọ́n ń pààrọ̀ wọn jù," ni Madame wí. "Èmi kì í há orúkọ ọmọ ọ̀dọ̀ sórí."

Bírò obìnrin náà ń sáré lórí ìwé. Ìgbà náà ni Madame gbójú sókè wo ògiri.

"Ta ló gbé Armand síbẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni, Madame. Ṣebí àwọn ni bàbá àgbà?"

"Bàbá àgbà kẹ̀? Ọmọ ogún ọdún!"

Wọ́n fa ọ̀pá wọn yọ, wọ́n ń nà án sí àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan. Gaston tí mo fi sẹ́nu kíṣìnnì ni baba gbogbo wọn, òun ló pọn ọba kọjá odò tí ọba fi fún un nílẹ̀. Henri onírùngbọ̀n, ọmọ rẹ̀, ọ̀gá ológun ojú omi tó ń bì nínú gbogbo ọkọ̀. Clotilde, sístà Kátólíìkì tó bá bíṣọ́ọ̀bù ta káàdì tó sì gba ẹṣin rẹ̀. Armand tó wọṣọ alágbàfọ̀ sá lọ nígbà tí ìlú ń bẹ́ orí àwọn ìjòyè. Auguste, ọmọ Armand, tó gbin èso títí tó fi gbàgbé ìyàwó. Lẹ́yìn náà bàbá tó bí Madame, tó ń gbé ọbẹ̀ fún àwọn oníbàárà bíi pé àlejò òun ni wọ́n. Wọn ò fo ẹnì kan.

Obìnrin káńsù gbé bírò sílẹ̀. Ó nàka sí mi, ó ní, "Àti ẹni yìí?"

"Rálíátù nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ dáa, ojú rẹ̀ ni kò ríran."

Bí Madame ṣe dúró sílé wọn nìyẹn. Nírọ̀lẹ́, mo sọ fún ọmọ mi Káfáyà, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. "Mummy, wig ni irun funfun yẹn now! All of them dey wọ̀ ọ́, even àwọn young ones. Oh my days."

Mi ò ní purọ́: lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ìgbà tí káńsù bá ń bọ̀, mo máa ń ṣi àwòrán kan gbé láàárọ̀. Inú á bí Madame, wọ́n á ka ìdílé délẹ̀, káńsù á lọ. Kò sí ibi tí kíà pláànì ti ní kí àwòrán má rìn.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì, mo lọ dágbére. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ tí mo gbójú sókè, àwòrán ti di méje. Lókè pátápátá, lórí Gaston, fọ́tò tí mo fún wọn nígbà tí mo ti Mẹ́kà dé ni mo rí, èmi nínú ìborí funfun.

"Madame, ta ló gbé mi síbẹ̀?"

"Mo bẹ ẹni tó ń gbé fúláàtì òkè kó bá mi kọ́ ọ. Orí funfun ló ń ṣe olórí ẹbí lọ́dọ̀ yín, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ṣé o rò pé mi ò rí ọ ni, ní gbogbo ìgbà tí ò ń pààrọ̀ wọn?"

Ojú tì mí, ẹkún àti ẹ̀rín gbà mí pọ̀. Mo dìde láti gbé fọ́tò mi sọ̀ kalẹ̀.

"Fi í sílẹ̀ níbẹ̀," ni wọ́n wí. "Káńsù ń bọ̀ lọ́la."