Àwọn Ọmọ Ẹ̀yìn Ògiri

Kò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira nígbà tí wọ́n mú àbúrò mi ọkùnrin. Ẹyìn tó jábọ́ nínú oko ọ̀pẹ kan ní Pobè ló ṣà. Àwọn jandáàmù, ọlọ́pàá ìgbèríko, gbé e lọ sí Sakété, sínú ilé tí wọ́n ń ti àwọn àgbà ọ̀daràn mọ́. Ìyá mi kó àwọn òbí tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí jọ, láti Ahoyéyé dé Aguidi. Èmi náà tẹ̀lé wọn dé Sakété, a ní kí ọ̀gá ilé náà yọ àwọn ọmọdé kúrò láàárín àwọn àgbà.

Ọ̀gá ibẹ̀ ní kò sí ọmọdé nínú ilé òun. "Ẹ̀yin ìyá, ògiri nìyẹn. Ẹ pè wọ́n. Èyí tó bá dáhùn, ẹ máa mú un lọ sílé."

Ọ̀sán gangan ni, ọyẹ́ ti sọ gbogbo ojú ọ̀nà di funfun. Àwọn ìyá pe ọmọ wọn, wọ́n fi oríkì kún un. Kò sí ohùn. Ṣùgbọ́n mo fi etí lé ògiri, mo sì gbọ́ tí ẹnìkan ń mí ní òdì kejì.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Àbí òkú lẹ ń pè?"

Ìyá àgbà kan láti Ahoyéyé mi orí. "Ṣebí àwa la kọ́ wọn pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ ìpè ẹni tí wọn kò rí. Wọ́n mà gbọ́ ẹ̀kọ́ o."

Ìyá mi bá mú òkúta. Lóko wa, ẹni tó bá dé lẹ́yìn tí ilẹ̀ ṣú kì í pe ará ilé. Ògiri ló máa ń fi èèkù ọkọ́ kàn, ará ilé á kàn án padà, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ náà ló kan ti Sakété.

Wọ́n kàn án padà. Ìsàlẹ̀ ni ìró náà wà, níbi tí ọwọ́ ọmọ lè dé. Ó gba ara ògiri lọ títí dé ìkángun, níbi tí ìyá kankan kò dúró sí, ó sì ju iye ọmọ tí a wá bèèrè lọ.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọ̀gá. Ìyá mi ní, "Bàbá, ẹ ṣílẹ̀kùn. A ò ní kó tiwa nìkan."

Ó ṣí i. A rìn dé Ita-Djèbou kí a tó rí òbí àwọn tó kù. Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ ọjà Sakété, ìyá kan á lọ kan ògiri yẹn, títí wọ́n fi ya ilé àwọn ọmọdé sọ́tọ̀.

Àbúrò mi ti di bàbá ọmọ báyìí. Bí mo bá pè é, kódà lójúkojú, ẹnu mi ló máa ń wò, kò ní dáhùn. Ògiri ni mo máa ń kàn.