Adìyẹ Tó Yọ Fèrèsé Sílé Wa

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní abúlé wa lórí òkè, lápá Ẹ̀pẹ́, ẹsẹ̀ la fi ń kọ́lé, ẹ̀yin ọmọ mi. A ó ru omi láti odò gun òkè, a ó fẹsẹ̀ po amọ̀, bàbá mi á mọ ìpele ògiri kan, a ó dúró kí oòrùn pa á gbẹ ká tó gbé òmíràn lé e.

Ìyá mi ló ń kánjú jù. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, yàrá kan náà lòun àti ìyá bàbá mi ń sùn. Ìyá àgbà ò níkà nínú, ẹnu wọn ni kì í sinmi: iyọ̀ pọ̀ jù, ta ló kọ́ ọ nílẹ̀ gbígbá? Ilé tuntun yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, ni ìyá mi fẹ́ sá sí kí òjò tó dé.

Ìgbà tó ku ìpele méjì la fi ògiri sílẹ̀ kó gbẹ, a lọ sóko. Nígbà tí a máa fi dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, adìyẹ ìyá àgbà ti ń sàba lórí ògiri. Ìyá àgbà, tí wọ́n dúró sílé, rí i o, ṣe ni wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó.

Bàbá mi ní ká gbé e kúrò. Ìyá àgbà ní, "Ẹni tó bá gbé e, kó wá bá mi sàba."

Ìyá mi ní, "Màmá, òjò ti ṣú o."

"Ìyàwó, bí òjò bá pa ọ́, wàá gbẹ. Ẹyin tó bá tutù, ó parí."

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Nílé tiwa, bàbá mi lara ò rọ̀. Ìyá rẹ̀ ń wò ó, ìyàwó rẹ̀ ń wò ó, adìyẹ náà ń wò ó. Ó bá mọ ògiri lọ́tùn-ún adìyẹ, ó mọ ọ́n lósì, ó fi igi dábùú òkè orí rẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Adìyẹ pa ọmọ mẹ́jọ. Ihò náà di fèrèsé tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè fún, ó dojú kọ ẹnu ọ̀nà ìyá àgbà gan-an.

Láràárọ̀ lorí wọn máa ń yọ níbẹ̀: "Ìyàwó, kí lò ń sè tí ò ta sánsán?" Inú á bí ìyá mi, á bu ọbẹ̀ nà sí wọn. Wọ́n á ní kò dùn, wọ́n á sì lá abọ́ náà mọ́ féfé.

Ọdún tí ìyá àgbà kú, bàbá mi po amọ̀ láti fi dí fèrèsé yẹn. Ìyá mi dúró síwájú rẹ̀, ó ń sunkún, ó ní òun ò gbà.

Ilé tiyín lónìí dára, bíríkì ni, ó ní fẹ́ǹsì àti géètì. Bí mo bá dé, ọlọ́dẹ á ní kí n dúró ná, kí òun pe inú ilé lórí fóònù bóyá wọ́n ń retí mi. Ta ní ń retí ìyá ọkọ? Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí ìyàwó mi ń sè ni.