Okùn Aṣọ Ọmọ

Nọ́ọ̀sì tó máa ń gun ọ̀kadà láti Ìjàgbò wá wò wá nílé, okùn aṣọ ló máa ń kọ́kọ́ wò kó tó kí wa. Á ní, "Bí aṣọ ọmọ bá ti wà níbẹ̀, ọkàn mi balẹ̀." Lẹ́yìn náà ni yóò pe ọmọ mi: "Ọkọ mi dà o?"

Ibà pa ọmọ náà. Mi ò lè kó aṣọ rẹ̀ kúrò lórí okùn. Nọ́ọ̀sì dé, ó rí aṣọ, ó rẹ́rìn-ín ní géètì: "Ọkọ mi dà o?"

Ẹkún mi ló dá a lóhùn.

Nọ́ọ̀sì kó aṣọ náà kúrò lórí okùn, ó ká wọn bí ẹni pé ọmọ yóò wọ̀ wọ́n lọ́la. Láti ọjọ́ náà, kò yà sọ́dọ̀ wa mọ́. Kí ló fẹ́ wá wò? Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nílé kejì: "Ọkọ mi dà o?"