Àgò Lẹ́nu Ọ̀nà Adití

Àwọn tó kọ́ ilé náà fẹ́ràn akanda ẹ̀dá gan-an ni. Wọ́n dìídì kọ́ ọ sí Agége fún àwọn adití, owó yàrá kò wọ́n, omi sì ń yọ. Wọ́n tilẹ̀ ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́ arọ sẹ́nu géètì, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ gbogbo àwọn tó ń gbé ibẹ̀ le bí irin. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n gbàgbé: pé adití kì í gbọ́ nǹkan.

Àbúrò mi obìnrin wà lára àwọn adití tó ń gbé ibẹ̀. Ó ń rán aṣọ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní apá Ìkẹjà. Kó tó rí yàrá yìí, ọ̀pọ̀ onílé ló ti dá wa padà. Ọ̀kan bi mí pé, "Bí iná bá sọ nílé ńkọ́, tí a pariwo tí kò gbọ́?"

Mo ní, "Bàbá, ṣé ariwo lẹ fẹ́ fi pa iná náà ni?"

A ò rí yàrá gbà.

Ilé tuntun yìí ní òfin tirẹ̀. Láràárọ̀ Sátidé, alábòójútó gbọ́dọ̀ bẹ gbogbo ayálégbé wò, kó lè mọ̀ pé ara wọn le. Ẹni tí kò bá dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn, yàrá rẹ̀ di ti ẹlòmíràn. Alábòójútó náà, bàbá kan ará Ògbómọ̀ṣọ́, jẹ́ ẹni tí wọ́n kọ́ yanjú. Kì í ṣí ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Á dúró níta, á ní, "Àgò onílé o!" Á wá dúró kí wọ́n dáhùn pé, "Àgò yà!" Àwọn yòókù ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á ti jókòó síta dè é. Àbúrò mi kì í kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ inú yàrá rẹ̀.

"Ìgbéraga ti pọ̀ jù fún ọmọ yìí," bàbá wí fún mi. "Mo ti pe àgò lẹ́ẹ̀mejì, kò dá mi lóhùn."

"Bàbá, adití ni."

"Ta ló ní kì í ṣe adití? Ṣé adití ò lè ní ìwà ni?"

Ó ku ẹ̀ẹ̀kan kí àbúrò mi padà wá sùn lórí àga pálọ̀ mi.

Ọ̀rọ̀ kan iná wàyí, ibi tí ẹnikẹ́ni kì í ti í rí mi dá dúró. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Nǹkan tó bá ti ní wáyà, màá tú u wò. Mo ní kí n ṣe aago ẹnu ọ̀nà tí adití lè fojú rí. Bátìrì ọ̀kadà ni mo lò, torí ẹni tó bá gbójú lé iná ìjọba ní Agége ń fi ara rẹ̀ ṣeré. Mo so bọ́tìnnì mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo gbé gílóòbù kọ́ ọ̀kánkán ojú àbúrò mi lókè ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo sì fi nǹkan tó ń mú tráfíkétọ̀ ọ̀kadà ṣẹ́jú sí i. Gílóòbù tó bá kàn tàn, èèyàn lè rò pé wọ́n mú iná dé ni. Èyí tó bá ń ṣẹ́jú ló ń pe èèyàn.

Bàbá wo bọ́tìnnì náà tìkà-tẹ̀gbin. "Ẹnu ni wọ́n fi ń kí èèyàn nílé wa. A kì í tẹ̀ ẹ́."

Mo fẹjọ́ sun ìgbìmọ̀ ilé. Ní Sátidé kẹta, wọ́n wá fojú ara wọn rí i. Bàbá pe àgò.

"Bóyá ẹ ò pariwo tó," ìyá alága wí, òun náà sì figbe ta: "Àgò o!" Akọ̀wé tún gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo ń nawọ́ sí bọ́tìnnì, wọn ò rí mi.

Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti gba ẹ̀yìn wọn dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi. Ó fọwọ́ kan ìyá alága léjìká. "Yéè!" Gbogbo àdúgbò gbọ́, àfi àwọn tó ń gbé inú ilé náà.

Ìgbìmọ̀ fi ọgbọ́n àgbà parí ẹ̀. Kí àbúrò mi máa gbé yàrá rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ní etí gba yàrá tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó máa bá a dá àgò lóhùn. Ọlọ́run ṣe é, bàbá ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kan tí etí rẹ̀ mú ṣáṣá, òun ló kó wọ ibẹ̀. Adití tó ń dúró de yàrá yẹn ṣì ń dúró.

Fóònù ni ọ̀gbẹ́ni yìí ń tún ṣe ní Kọ̀mpútà Fílẹ́ẹ̀jì, íyápíìsì kì í sì í kúrò létí rẹ̀. Sátidé kan tí mo wà níbẹ̀, bàbá pe àgò títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lórí ibùsùn, ó ń mi orí sí orin. Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì tẹ bọ́tìnnì.

Gílóòbù ṣẹ́jú. Àbúrò mi ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀, ó rí ibi tí bàbá ń nàka sí. Ó wọ yàrá kejì, ó yọ íyápíìsì létí ọ̀gbẹ́ni náà, ó sì tọ́ka sí ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀gbẹ́ni náà fò dìde. "Àgò yà!"